Ọ̀nà Tí Pẹ́jò Màmá Adèle Gbà Jáde Nílé

Ọdún Iṣu èṣí lọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Eric dé láti Lomé, ó jẹ iyán, ó fi ẹran lé e, ó nu ẹnu, ó wá sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun máa mú un lọ.

"Màmá, orúnkún yín ò dáa. Ọsibítù jìnnà sí Agbonou níbí. Tí ara yín bá ṣàdédé yí padà, ta ló máa gbé yín? Ẹ̀yìn sẹ́míjàn Luc lẹ máa gùn?"

Luc ń fọwọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò omi. Alùpùpù sẹ́míjàn tó fi ń kérò ní Atakpamé ló ń bọ́ ọ, kò sì sí ohun tó burú nínú kí Màmá gùn ún, àfi pé oṣù tó ṣáájú ló gbé wọn ṣubú sínú gọ́tà.

Màmá Adèle kọ́ ló bí Luc, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ni wọ́n. Nígbà tí ìyá Luc kú, tí Luc ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń nu imú, Màmá ló gbé e wá sílé. Wọ́n fún un lónjẹ, wọ́n nà án, wọ́n rán an lọ síléèwé títí iléèwé fúnra rẹ̀ fi ní ó tó gẹ́ẹ́. Tí Màmá bá lọ sí Lomé, ilé á di ti ayálégbé, kò sì ní sí ẹnì kankan láyé tó máa bi Luc pé ṣé ó ti jẹun.

Màmá mu omi, wọ́n gbé ife kalẹ̀, wọ́n nàka sẹ́yìn ilé.

"Eric, ṣó o rí ọkọ̀ mi yẹn?"

Gbogbo wọn yíjú. Ohun tó wà níbẹ̀, téèyàn bá fojú àánú wò ó, ọkọ̀ ni. Pẹ́jò 404 ni, irú èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ tí wọ́n ń fi tapólì bò. Nígbà ayé rẹ̀, Màmá fúnra wọn ló ń wà á. Wọ́n fi ń kó iṣu àtàwọn obìnrin ọlọ́jà lọ sí Moretan, láyé ìgbà táwọn èèyàn ń sáré jáde nínú oko torí kí wọ́n lè wo obìnrin tó ń wa ọkọ̀. Nígbà tó yá, ẹ́ńjìnnì kú, ọkọ Màmá náà kú, kò sẹ́ni tó ráyè ọkọ̀ mọ́. Adìẹ kan tí wọ́n ń pè ní Ọ̀gá Iléèwé, torí bó ṣe ń rìn, ti sọ àga dẹ́rẹ́bà di ibi ìyéyin. Igi ìbẹ́pẹ kan gba ojú iná iwájú jáde, ó sì ti so.

"Bó bá gbé mi lọ sọ́jà Moretan," Màmá ní, "tó tún gbé mi padà wọ ilé yìí kí Ọdún Iṣu tó ń bọ̀ tó kásẹ̀ nílẹ̀, mi ò lọ síbì kankan. Bí kò bá lè ṣe é, màá wọ ọkọ̀ tìẹ, màá jókòó jẹ́ẹ́."

Eric rẹ́rìn-ín títí iyán fi gba ọ̀nà òdì lọ, wọ́n ní láti gbá a lẹ́yìn. "Màmá, ẹ ti lè máa di ẹrù," ó ní. Wọ́n bọwọ́.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò tíì mọ́ tán tí Luc ti lọ bá Ìsà, mẹkáníìkì kan lẹ́bàá ọjà Atakpamé, tí bàbá rẹ̀ wá láti Kétu. Luc ò lówó lọ́wọ́, ó sì sọ bẹ́ẹ̀.

"Kí lo wá ní?" Ìsà bi í.

"Alùpùpù."

"Èmi náà ní alùpùpù."

"Ẹ tún láwọn ọmọ mẹ́rin tó ń lọ síléèwé, ẹ̀gbọ́n. Mo rí ìyàwó yín láàárọ̀ àná, tó ń lé wọn bí ẹni ń lé ewúrẹ́."

Ìsà ronú kan ariwo tó máa ń gba ilé òun lárààárọ̀. Kíá ló gbà. Luc á máa gbé àwọn ọmọ lọ, á máa gbé wọn bọ̀. Ìsà á máa wá sí Agbonou lọ́sàn-án Ọjọ́ Àìkú. Bí àdéhùn náà ṣe rí nìyẹn, àfi pé ẹnikẹ́ni ò sọ fún Luc pé ìkẹrin nínú àwọn ọmọ náà máa ń bì tó bá ti rí kọ̀nà.

Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́, Ìsà ṣí iwájú ọkọ̀, ó yọjú wò ó.

"Luc."

"Ẹ̀gbọ́n."

"Ẹ́ńjìnnì dà?"

"Ó wà lábẹ́ ìtẹ́ yẹn."

"Ìtẹ́ eku yìí?"

"Eku ló wà lókè. Ẹyẹ ló wà nísàlẹ̀."

"Háà. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni wọ́n kọ́."

Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ṣe é. Irin inú ẹ́ńjìnnì ti lẹ̀ mọ́ra bí àkàrà tó jóná mọ́ ìdí agbada. Ìsà da òróró sí i, ó ní kí wọ́n fi sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó tún da á. Ọ̀sẹ̀ kẹta, Màmá bi í pé ṣé ó ń tún ọkọ̀ ṣe ni àbí ó ń sebẹ̀. Àfi bí nǹkan ṣe dún "kọ́!" nínú rẹ̀ lọ́jọ́ kan, tí irin sún. Ìsà na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó pariwo "Alihamudulilahi!" Màmá dáhùn "Aleluya!" Ọ̀gá Iléèwé fò gba ojú fèrèsé jáde, ẹyin kan já bọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Ìpẹtà ló kún inú táńkì tí wọ́n ń rọ ẹ̀sáǹsì, epo ọkọ̀, sí, kò sì sí ẹni tó lówó òmíràn. Ìsà ní kí Luc bu òkúta wẹ́wẹ́ sínú rẹ̀, kó so ó mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù, kó máa gbé e kiri nínú gbágungbàgun títí òkúta á fi fọ̀ ọ́ mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni Luc ṣe ń kérò pẹ̀lú táńkì lẹ́yìn, ó ń dún ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀-ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ láti Agbonou dé Atakpamé.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ló ń dún?" èrò kan tó jẹ́ obìnrin bi í.

"Inú mi ni. Mi ò tíì jẹun láti àná."

Obìnrin náà fún un ní búrẹ́dì nígbà tó bọ́ sílẹ̀. Ojú ti Luc díẹ̀, ṣùgbọ́n ó jẹ ẹ́.

Àga ọkọ̀, Màmá fúnra wọn ló fi òwú igi àràbà kún un, wọ́n fi àpò kọfí rán ẹ̀wù fún un. Búréèkì nìkan ni Ìsà ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ṣeré. Tuntun ló rà sí i, ó sì sọ fún Luc pé ìyẹn túmọ̀ sí kó máa gbé àwọn ọmọ náà lọ kọ́ Kéú pẹ̀lú.

Ní ìrọ̀lẹ́, tí ẹ́ńjìnnì ṣì wà nílẹ̀ lórí àpò, Màmá á wọnú ọkọ̀, wọ́n á ní kí Luc jókòó ní ipò dẹ́rẹ́bà, torí orúnkún wọn ò lè tẹ nǹkan kan mọ́. Wọ́n á sì gbéra lọ sí Moretan, níbi tí wọ́n jókòó sí yẹn.

"Kọ̀nà nìyí, rọra. Mo ní rọra! O ti pa ewúrẹ́ Bàbá Aymar."

"Màmá, kò sí ewúrẹ́ níbí."

"Kò lè sí mọ́, o ti pa á. Bọ́ sílẹ̀, lọ tọrọ àforíjì."

Luc á bọ́ sílẹ̀, á tọrọ àforíjì lọ́wọ́ igi ìbẹ́pẹ tí wọ́n ti hú lọ gbìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á padà wọnú ọkọ̀.

"Ilé Ìyá Sẹ̀ríyà ló kàn. Kí i."

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, Ìyá Sẹ̀ríyà!"

Ìyá Sẹ̀ríyà ti kú tipẹ́, ṣùgbọ́n Màmá ò gbà kí ẹnikẹ́ni kọjá ilé rẹ̀ láìkí i. Luc lọ sí Moretan báyìí láìmọye ìgbà láì kúrò lẹ́yìn ilé. Ó mọ gbogbo kọ̀nà, ó mọ gbogbo kòtò. Nígbà míì tí Màmá bá ń rẹ́rìn-ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú òórùn kọfí yẹn, á kàn máa dúpẹ́ nínú ara rẹ̀ pé ọkọ̀ náà bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ká ní ó sàn díẹ̀ ni, wọn ì bá ti parí.

Ó ku oṣù kan kí Ọdún Iṣu dé, ẹ́ńjìnnì jí. Ó húkọ́, ó tu èéfín dúdú, ó tún húkọ́, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ geere. Màmá gbọ́wọ́ lé e lórí bí ẹni ń wò ó bóyá ara rẹ̀ gbóná. "Ohùn rẹ̀ ti há," wọ́n ní, "ṣùgbọ́n òun ni." Omi ti kún ojú wọn.

"Ó yá!" Ìsà ní. "Luc, gbé e jáde, ká fi yí àdúgbò ká."

Luc wọnú ọkọ̀, ó gbá ilẹ̀kùn, ó wo iwájú. Ilé ìdáná aládùúgbò ló wà níwájú. Ó wo ọwọ́ ọ̀tún: ògiri bíríkì. Ó wo ọwọ́ òsì: ilé oníyàrá mẹ́ta tí Eric fúnra rẹ̀ kọ́ fún ìyá rẹ̀. Gbogbo ọdún tí ọkọ̀ náà fi sùn, ńṣe làwọn èèyàn ń kọ́lé yí i ká bí ẹni fi ọgbà yí ewúrẹ́ ká.

"Luc," Ìsà ní, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, "gbogbo ìgbà tí o ti wà lábẹ́ ọkọ̀ yìí, o ò wo iwájú rí?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin náà ò wò ó."

Ìsà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú.

Ẹ̀yìn nìkan ló ṣí, ẹ̀yìn náà sì ni oko ẹ̀gẹ́ Màmá tó lọ dé odò kékeré, tí òkè kan tẹ̀ lé e kó tó kan ọ̀nà ńlá. Iṣẹ́ rẹpẹtẹ. Tí Luc bá pe ọ̀wẹ̀, ó gbọ́dọ̀ pa ewúrẹ́, kó se oúnjẹ, Luc ò sì ní ewúrẹ́, àfi èyí tó ń pa lójú ọ̀nà Moretan. Àáró ló kù: ẹ bá mi ṣe tèmi lónìí, á kan tiyín lọ́la. Ó lọ bá Bàbá Ògúnkọ̀yà, olórí àwọn àgbẹ̀ tó ń ṣe àáró ní Agbonou. Nídìí ẹmu ló bá wọn.

"Oko ta ni?" Bàbá Ògúnkọ̀yà bi í.

"Kì í ṣe oko, Bàbá. Ọ̀nà ni."

"Ọ̀nà ta ni?"

"Ti Màmá Adèle ni. Ọkọ̀ wọn ló fẹ́ jáde."

Bàbá gbé igbá ẹmu sílẹ̀. "Ọkọ̀ Adèle? Èyí tó máa ń kó iṣu ọdún wa lọ sí Moretan? Ó ṣì wà láyé? Ó dáa. Orúkọ Adèle la fi sí àáró yìí."

Luc dọ̀bálẹ̀, ó dúpẹ́, ó lọ. Kò ronú kan nǹkan kan. Kì í sábà ronú kan nǹkan kan.

Wọ́n dé láàárọ̀ pẹ̀lú ọkọ́ àti àdá. Olúkúlùkù gba poro tirẹ̀, wọ́n hú ẹ̀gẹ́, wọ́n dì í jọ fún Màmá, wọ́n tẹ́ igi àti òkúta sínú odò, wọ́n gé òkè náà bí ẹni gé búrẹ́dì. Nígbà tí oòrùn máa wọ̀, ọ̀nà ti jáde. Luc ń kí wọn kiri, "ẹ ṣé, ẹ ṣé o, Ọlọ́run á san yín lẹ́san," títí ọ̀kan nínú wọn, Léon, fi ní, "Luc, jọ̀ọ́, dákẹ́. Ìyàwó mi tó gbé omi wá yìí ti ń wò mí bíi pé mo ṣe nǹkan kan tí òun ò mọ̀."

Ọjọ́ tó kẹ́yìn Ọdún Iṣu bọ́ sí ọjọ́ ọjà Moretan. Eric ti dé pẹ̀lú ọkọ̀ tó ń dán bí abọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Nígbà tó rí Pẹ́jò tó ń gòkè bọ̀ láti inú oko ẹ̀gẹ́, ẹnu rẹ̀ là. Luc ló wà á, Màmá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú gèlè ọdún, Ìsà wà lẹ́yìn pẹ̀lú àpò irinṣẹ́ àti Ọ̀gá Iléèwé, tó kọ̀ láti bọ́ sílẹ̀. Eric tẹ̀ lé wọn.

Luc mú gbogbo kọ̀nà bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Níbi ilé Ìyá Sẹ̀ríyà, ilé ọ̀hún ti di ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún fóònù ṣe, ṣùgbọ́n ẹnu Luc ti yá kó tó mọ̀: "Ẹ kú àárọ̀ o, Ìyá Sẹ̀ríyà!" Ọ̀dọ́mọkùnrin onírùngbọ̀n kan yọrí jáde, ó ní, "Ẹ kú ọ̀nà o!" Màmá rẹ́rìn-ín títí gèlè wọn fi wọ́.

Ní Moretan, àwọn ìyá arúgbó fi igbá wọn sílẹ̀ wá fọwọ́ kan ọkọ̀. Ọ̀kan ò tiẹ̀ béèrè ibi tó ń lọ. Ó gbé agbọ̀n iṣu rẹ̀ sẹ́yìn, ó gòkè, ó jókòó. "Ìyá, Agbonou là ń lọ o," Ìsà sọ fún un. "Ṣé mo bi ọ́ ni?" ìyá náà dá a lóhùn. Nígbà tí wọ́n máa fi gbéra, ẹ̀yìn ọkọ̀ ti kún fún iṣu àti obìnrin, Ìsà ń di ẹ̀gbẹ́ mú pẹ̀lú ìka.

Ẹrù náà pọ̀ jù. Nídìí òkè tó kẹ́yìn, tí wọ́n ti ń rí òrùlé Agbonou lọ́ọ̀ọ́kán, ọkọ̀ húkọ́, ó sọ ooru funfun gba iwájú, ó dákẹ́. Ìsà ṣí i. "Ó ti gbóná kọjá," ó ní. "Kò lè rìn mọ́ lónìí. Tí mo bá fi tipátipá ṣe é, á kú pátápátá."

Eric bọ́ sílẹ̀. Inú òun pàápàá ò dùn. "Màmá, kò dé ilé."

Màmá wo òkè, wọ́n wo òrùlé. "Òótọ́ ni. Mo ti sọ̀rọ̀." Wọ́n mú àpò wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tiro lọ síbi ọkọ̀ Eric. Luc mú àpò náà lọ́wọ́ wọn, kó má bàa wúwo jù fún wọn.

Orí òkè yẹn ni ilé Bàbá Ògúnkọ̀yà wà, níbi táwọn àgbẹ̀ ti ń mu ẹmu ọdún. Wọ́n ti gbọ́ bí ọkọ̀ ṣe dákẹ́, gbogbo wọn sì sọ̀ kalẹ̀ wá wò ó.

"Adèle, ibo lò ń lọ?" Bàbá Ògúnkọ̀yà bi í.

"Lomé."

"Lomé bíi ti báwo? Ta ló máa ṣe àáró wa?"

"Àáró wo?"

"Àáró ọ̀nà. Orúkọ rẹ la fi sí. Luc ló sọ bẹ́ẹ̀. Gbogbo wa pátá lo jẹ ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan."

Gbogbo ojú yí sí Luc. Luc wo adìẹ. Ó ti fi orúkọ ìyá tí orúnkún ń dùn jẹ gbèsè oko fún odindi ẹgbẹ́ àgbẹ̀!

"Bàbá, èló ni?" Eric ní, ó ti ń wá àpò rẹ̀. "Màá san án."

Wọ́n wò ó bí ẹni só ní ṣọ́ọ̀ṣì.

"Eric, ṣé a ta ọ̀nà fún ìyá rẹ ni? Ọwọ́ la fi ṣe é, ọwọ́ la fi ń san án."

"Èmi á bá wọn ṣe é nígbà yẹn!"

"Ìwọ?"

"Èmi!"

Wọ́n ní kò burú. Gbogbo wọn ki ọwọ́ bọ abẹ́ Pẹ́jò, wọ́n fi orin tì í gun òkè, àwọn ìyá Moretan jókòó sínú rẹ̀ bí ọbabìnrin, kò sẹ́ni tó rántí sọ fún wọn pé kí wọ́n bọ́ sílẹ̀. Ilé ni wọ́n tì í dé.

Láàárọ̀, Eric wọ bàtà Luc, ó lọ sóko Bàbá Ògúnkọ̀yà. Oòrùn ò tíì dé àtàrí tí ọwọ́ rẹ̀ ti lé ròrò. Bàbá dúró lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń wò ó.

"Eric."

"Bàbá."

"Ẹ̀pà lò ń ro yẹn."

"Háà! Mo rò pé koríko ni."

"Koríko lo fi sílẹ̀." Bàbá bu omi fún un, wọ́n bá a wo ọwọ́ rẹ̀ pẹ̀lú àánú. "Ọmọ mi, èyí ò tó ọjọ́ kan. Kò tó ìdajì àárọ̀. O tiẹ̀ ti wá jẹ mí ní ẹ̀pà."

Nígbà tí Eric padà délé, ńṣe ló jókòó ti ìyá rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín ara rẹ̀. "Màmá, pẹ̀lú orúnkún yẹn, báwo lẹ ṣe fẹ́ san án?"

"Ta ló ń fi orúnkún san án? Iṣu ń jáde lóko báyìí. Màá gba ọjọ́ kọ̀ọ̀kan lóko ẹnì kọ̀ọ̀kan, màá fi ọkọ̀ mi kó iṣu rẹ̀ wálé. Luc á wà á, èmi á jókòó, màá máa bú u."

"Tí ara yín ò bá wá yá ńkọ́?"

"Àwọn tó ti òkú irin gun òkè lánàá, tòun ti ìyá Moretan mẹ́jọ nínú rẹ̀, èmi tí mi ò wúwo tó àpò gàrí ni wọn ò ní lè gbé?"

Eric wo ọkọ̀, ó wo ọ̀nà tó gba inú oko ẹ̀gẹ́ kọjá. Ó gba ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú. "Ẹ san àáró yín tán. Tó bá tán, màá wá mú yín."

"Tó bá tán," Màmá ní, ojú wọn mọ́ roro. Gbogbo Agbonou ló mọ̀ pé àwọn tó bá gbé iṣu sínú ọkọ̀, àwọn náà ti ṣiṣẹ́, wọ́n á sì kọ tiwọn kún gbèsè náà, kò ní tán láéláé.

Eric lọ sí Lomé pẹ̀lú iṣu lẹ́yìn ọkọ̀ àti ìpara lọ́wọ́. Àwọn èèyàn ń kí Luc kiri, wọ́n ní ọlọ́gbọ́n ọmọ, ó mọ̀-ọ́n-mọ̀ fi orúkọ ìyá rẹ̀ sí àáró kó má bàa lọ. Luc ń mi orí bí ẹni tó mọ̀-ọ́n-mọ̀. Nínú ara rẹ̀, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó fún un ní orí tí kì í tètè ṣiṣẹ́.

Nígbà tí Ìsà ti wá tún ọkọ̀ náà ṣe, Màmá ní ó yá, àwọn ń lọ kí àwọn èèyàn kú iṣẹ́. Ilé dé ilé ni wọ́n gbé Pẹ́jò lọ, ilé dé ilé ni wọ́n sì ń gba ẹ̀bùn: àgbàdo, àkùkọ, ẹ̀gúsí. Wọ́n ní láti padà sílé Léon lẹ́ẹ̀kejì, kí wọ́n lè dúpẹ́ ohun tí wọ́n gbà nígbà tí wọ́n lọ dúpẹ́. Ilé Ìsà ni wọ́n fi parí rẹ̀, ní Atakpamé.

"Màmá, kí lẹ tún wá dúpẹ́ sí?" Ìsà ní. "Omi lásán ni mo dà sí i."

Màmá ò dáhùn. Wọ́n di ilẹ̀kùn mú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kúnlẹ̀, pẹ̀lú orúnkún yẹn, níwájú ọmọdé. Ẹ̀rù ba Ìsà. "Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀!" ó ní, ó sì sáré dọ̀bálẹ̀ gbalaja kí orúnkún wọn tó kanlẹ̀. Ṣùgbọ́n orúnkún ti kanlẹ̀. Màmá ní àwọn ò dìde àfi tí Ìsà bá kọ́kọ́ dìde. Ìsà ní kò ṣeé ṣe, ìyá òun ni wọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, tí wọ́n ń bẹ ara wọn. Luc wò wọ́n, ó rí i pé òun nìkan ló dúró, ojú tì í, òun náà dọ̀bálẹ̀.

Àmírátù, ìyàwó Ìsà, jáde láti ilé ìdáná pẹ̀lú abọ́ ìrẹsì, ó bá àwọn mẹ́ta nílẹ̀.

"Yéè! Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú," Luc dá a lóhùn láti ilẹ̀. "À ń dúpẹ́ ni."